Òróró kò ní omi nínú: bí a ṣe ń fi òróró pa ojú tí ojú kò fi ní gbẹ

Àdín ni mo fi ń pa ojú lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ gbé ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ọyẹ́ ọdún náà le. Láàárọ̀, màá fi ọṣẹ dúdú bọ́jú, màá fi táwẹ́ẹ̀lì nu ún gbẹ kanlẹ̀, màá wá fi àdín pa á títí yóò fi máa dán. Kó tó di agogo mẹ́wàá, ojú ti ń fà mí, ẹ̀gbẹ́ imú mi ti ń ṣí pẹ́pẹ́pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti funfun bí ẹni tó yí eérú. Màá tún fi àdín kún un. Bí mo ṣe ń fi kún un ló ń le sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń gbé, ọmọ ọdún 16, ń fi àdín kan náà pa ojú tirẹ̀. Tirẹ̀ kò gbẹ rárá, àmọ́ irorẹ́ bo gbogbo iwájú orí rẹ̀. Ìgò kan náà ni a jọ ń bu àdín.

Nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa ló là mí lójú. Ó wo ojú mi, ó ní: "Àǹtí, ṣé omi wà lójú yín kí ẹ tó fi àdín pa á?" Mo ní, omi kẹ̀? Ṣebí mo ti nu ún gbẹ. Ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà."

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá tó ń ṣe òrí rí yóò tètè lóye ohun tó ń sọ. Wọ́n á ṣa èso tó já sílẹ̀, wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi pò ó, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ rò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n ń kó kúrò lójú omi, tí wọ́n ń gbé kaná títí omi tó bá kù nínú rẹ̀ yóò fi fà tán. Òrí tí omi bá ṣẹ́ kù sí nínú kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ìyẹn ni pé òrí tó dára kò ní omi kankan nínú. Àdín kò ní, àdí àgbọn kò ní, òróró olówó iyebíye tó wà nínú ìgò kékeré kò ní.

Awọ ara wa sì ń tú omi sáfẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí a kò làágùn. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbẹ, ó sì ń yára fa omi náà ju ti ìgbà òjò lọ. Iṣẹ́ méjì ni òróró lè ṣe fún wa níbẹ̀. Ó ń wọ àárín àwọn pẹ́pẹ́ tó ń ṣí lójú awọ, ó ń mú wọn rọ̀. Ó sì ń bo awọ kí omi má baà tètè sá lọ. Ọmọrí ìkòkò ni òróró. Bí ìkòkò bá ṣófo, ọmọrí kò ní pọn omi sí i. Ojú tí mo ti nu gbẹ ni mo ń dé ọmọrí lé ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè bóyá òróró ń mú ojú tutù tàbí ó ń mú un gbẹ, èsì mi ni pé ó kù sí ohun tó wà lójú kí òróró tó débẹ̀, àti irú awọ tí ó bá pàdé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú awọ tí ẹ ní

Lálẹ́, nígbà tí ẹ kò ní jáde mọ́, ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú, ẹ má fi nǹkan kan pa á fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú tíṣù, ẹ fi tẹ iwájú orí, imú, àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí tíṣù kò bá mú ọ̀rá kankan, tí ojú sì ń fà yín, awọ gbígbẹ ni. Bí ọ̀rá bá hàn níbi gbogbo, awọ ọlọ́ràá ni. Ti ọ̀pọ̀ wa wà láàárín méjèèjì: imú àti iwájú orí ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbẹ. Àwọn kan sì wà tí ojú wọn máa ń ta wọ́n tàbí kó máa yún wọn nígbàkigbà tí wọ́n bá fi nǹkan tuntun pa á. Kí irú wọn ṣọ́ra jù.

Ohun kan tún wà tó máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ojú lè máa yọ̀ fún ọ̀rá kó sì máa fà. Ọ̀rá tí ara ń ṣe yàtọ̀ sí omi tó wà nínú awọ. Ọ̀kan lè pọ̀ kí èkejì dín. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò nílò òróró sí i, omi ló ń wá. Àwọn kan sì gbà pé bí ẹlẹ́ràá bá ń fi òróró pa ojú, ara rẹ̀ yóò gbọ́, yóò dẹ́kun ọ̀rá ṣíṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hòmóònù inú ara ló ń pàṣẹ ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí ó fi ń pọ̀ lójú àwọn ọ̀dọ́ tó ń bàlágà, tó sì ń dín kù bí èèyàn ṣe ń dàgbà. Ìyá àgbà tó ní ojú òun kò kọ òrí mọ́ láti ìgbà tí òun ti darúgbó, òótọ́ ló ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ọṣẹ tí ẹ ń lò

Mi ò bá ọṣẹ dúdú jà. Òun ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà. Ṣùgbọ́n omi eérú ni wọ́n fi ń sè é, eérú sì lágbára. Awọ ojú ní ìkan díẹ̀ lára, nǹkan bí 4.5 sí 5.5 lórí ìwọ̀n pH (òṣùwọ̀n ìkan: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni nǹkan ṣe kan sí), ọṣẹ dúdú sì máa ń ju 8 lọ. Bí a bá ń fi í fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nígbà ọyẹ́, ó ń bó ọ̀rá tí Ọlọ́run fi sójú wa kúrò, lẹ́yìn náà la óò wá máa lọ ra òróró láti fi dí i. Ẹ fi mọ sí ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, ẹ rẹ́ ẹ mọ́ ọwọ́ kó tó kan ojú, kí ẹ sì fi omi lásán bọ́jú láàárọ̀. Bí ojú yín bá gbẹ púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ara, ẹ wá ọṣẹ mìíràn tó rọ̀ fún ojú. Omi gbígbóná kò dára, bí òtútù òwúrọ̀ Kàbà tilẹ̀ ń mú wa wá a. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: omi kọ́kọ́

Ìyá tó bí ìyá mi kì í nu wá lára kó tó fi òrí pa wá. A óò máa gbọ̀n lẹ́yìn ilé pẹ̀lú omi lára, òun á ti máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọ òrí, yóò sì pa á mọ́ omi náà lára wa. A rò pé ìkánjú ló ń ṣe é ni. Ọ̀nà rẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn dókítà awọ ara ń kọ́ àwọn èèyàn lónìí.

Bí ẹ bá bọ́jú tán, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ojú díẹ̀, kí omi má máa kán, ṣùgbọ́n kí ojú ṣì tutù. Láàárín ìṣẹ́jú 3, kí òróró ti kàn án. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á ti fa omi náà lọ.

Fún ojú tó gbẹ gan-an, ẹ fi gilisẹrín sáàárín. Gilisẹrín máa ń fa omi mọ́ra, ó sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kò wọ́n. Ẹ má fi òun nìkan pa ojú, nítorí ó nípọn, ó sì ń lẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán bíi 2 sínú omi tó kún àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi pa ojú tó ṣì tutù, kí ẹ tó dé e pẹ̀lú òróró. Èyí nìkan ló yí ojú mi padà lọ́dún yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹlẹ́ràá lè ṣe ti gilisẹrín yìí kó má fi òróró kankan lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mú òróró tó bá awọ yín mu

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí òróró kò dọ́gba.

Àdín àti àdí àgbọn: nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú wọn ló jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní lauric acid. Wọ́n dára lápá, lẹ́sẹ̀ àti ní ìgìgísẹ̀ tó là. Lójú ẹni tí irorẹ́ máa ń yọ, wọ́n máa ń dí ihò awọ. Ohun tó ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Nígbà tó fi àdín sílẹ̀, kò lo oògùn kankan, irorẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òróró ólífì wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa nítorí àdúrà, àwọn èèyàn sì ń fi pa ojú. Ju ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ lọ jẹ́ oleic acid, èyí tó máa ń tú ìdè tó so ojú awọ pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi pa apá àwọn àgbàlagbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwádìí wọn jáde ní 2013. Wọ́n rí i pé ólífì dín agbára ojú awọ kù, àmọ́ òróró sunflower kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òróró gbẹ ojú òun, ẹ má sọ pé irọ́ ló ń pa. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé òróró wo ni.

Òróró sunflower, èyí tí wọ́n fi ń dín nǹkan, fúyẹ́, linoleic acid sì sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Irú ọ̀rá yìí ló máa ń dín lójú àwọn tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu. Bí ẹlẹ́ràá bá fẹ́ lo òróró dandan, kó lo èyí, ẹ̀kán 2 péré, lálẹ́. Jojoba náà dára fún un. Ìda ni jojoba ní tòótọ́, kì í ṣe òróró, ó sì jọ apá kan nínú ọ̀rá tí ojú fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ó wọ́n, kì í sì í rọrùn láti rí ní ọjà wa.

Òrí ni mo fẹ́ràn jù fún awọ gbígbẹ àti fún àgbàlagbà. Oleic acid wà nínú òun náà, ṣùgbọ́n stearic acid pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló ń mú un dì, tó sì ń jẹ́ kó bo awọ dáadáa. Fasilíìnì kò wá láti ara èso, epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, síbẹ̀ kò sí ọmọrí tó dé dáadáa tó o. Kò ní òórùn, kì í sábà bínú sí awọ. Ẹni tí ohun gbogbo ń ta lójú, fasilíìnì lásán ni kó kọ́kọ́ dán wò.

Ohunkóhun tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ fi pa inú apá, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ká, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Bí kò bá yún, tí kò pọ́n, ẹ gbé e sójú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwọ̀n àti bí a ṣe ń pa á

Òróró ẹ̀kán 3, tàbí òrí tó tó hóró àgbàdo kan, tó fún gbogbo ojú. Ẹ rọ ọ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi tẹ ojú, ẹ má ha á. Bí imú yín bá ń yọ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbẹ, ẹ fi mọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ máa yí i padà bí ojú ọjọ́ bá yí

Ohun tó dára fún ojú ní Mọ̀pà lóṣù Kíní kò dára fún un ní Lọ́kọ́ja lóṣù Kẹta. Nígbà tí ooru àfonífojì odò bá dé, òrí àti òógùn á jọ há mọ́ awọ, kókó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ á sì bo iwájú orí. Ẹ gbé òrí tì nígbà náà, ẹ lo gilisẹrín olómi tàbí ìpara tó fúyẹ́. Kí ẹ sì má rò pé òróró ń dènà oòrùn. Kò dènà rẹ̀. Àwọn tó ń po ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ òróró fún ojú ń fi ara wọn wewu gan-an: omi ọsàn wẹ́wẹ́ lára àti oòrùn lókè máa ń jó awọ, àpá dúdú rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó kúrò.

Mo bẹ̀ yín nípa àwọn òróró tí wọ́n ń pò lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń sọ pé yóò mú ojú tàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Òrí àti àdí kì í bó awọ. Bí òróró bá ń bó o, nǹkan mìíràn ti wà nínú rẹ̀: hydroquinone, makiúrì, tàbí oògùn steroid. Irú wọn máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú á máa gbẹ, á máa pọ́n, a óò sì máa di ẹ̀bi náà ru òróró tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí ẹ ń rà.

Ẹ fi òróró sínú ìgò dúdú, kúrò lójú fèrèsé. Bó bá ti ń rùn bí ọ̀rá tó ti pẹ́, ẹ má fi pa ojú mọ́.

Bí ojú bá sì gbẹ tí gbogbo èyí kò mú un rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó ń là tó ń ṣomi, ẹ lọ rí dókítà. Bí ibì kan lára bá tàn ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbẹ, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá fi òwú kàn án, ẹ má fi òróró kankan bò ó. Àmì ẹ̀tẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń wo ó sàn pátápátá bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.