Bí A Ṣe Ń Se Khao Niao, Ìrẹsì Àwọn Ará Laos, àti Bí A Ṣe Ń Fi Jẹ Laap

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ oúnjẹ ilẹ̀ Laos wò, yálà ó ń gbéra lọ sí Vientiane àti Luang Prabang ni o, tàbí ó fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò nílé, orí ìrẹsì ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní khao niao, èyí tí hóró rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Òun ni wọ́n fi ń kó ẹran, òun ni wọ́n fi ń kan ọbẹ̀ ata, òun náà sì ni àwọn ará Luang Prabang máa ń fi tọrẹ fún àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà nígbà tí wọ́n bá tò kọjá ní ìdájí. Bí ìrẹsì yìí bá bàjẹ́, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi jẹ àwọn oúnjẹ yòókù. Mo sì ti rí i bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe laap tó dùn, ìyẹn ẹran gígé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí a fi ata, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé pò, tí wọ́n á wá gbé ìrẹsì tó le kokooko, tàbí èyí tó ti rọ̀ jù tó ń fà lọ́wọ́, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìrẹsì àti ohun èlò

Ẹ má ṣe lo ìrẹsì tó wà nílé yín tẹ́lẹ̀. Ìrẹsì tí a mọ̀ káàkiri ní oríṣi sítáàṣì méjì nínú, amylose àti amylopectin. Khao niao kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní amylose rárá, ìdí sì nìyí tí ó fi máa ń lẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè se ìrẹsì lásán tí yóò fi di khao niao. Glutinous rice ni wọ́n sábà máa ń kọ sára àpò rẹ̀ ní ilé ìtajà àwọn ará Éṣíà, èyí tó sì wá láti Thailand dára dáadáa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo hóró rẹ̀ láti ara ọ̀rá: ó gbọ́dọ̀ funfun báláú, kí ojú má lè ríran kọjá nínú rẹ̀, nítorí pé ìrẹsì yòókù máa ń dán gaara ni. Ìdajì kílò tó èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ohun èlò méjì ni wọ́n ń lò ní Laos. Ọ̀kan ni huad, agbọ̀n ọparun tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Èkejì ni moh nung, ìkòkò fúyẹ́fúyẹ́ tí ọrùn rẹ̀ fún, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀, kí agbọ̀n náà lè jókòó sí i dáadáa. Ọjà ni wọ́n ti ń tà wọ́n, wọn kò wọ́n, wọn kò sì wúwo nínú ẹrù, nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rà wọ́n kí ẹ tó ra aṣọ síliìkì. Bí agbọ̀n bá jẹ́ tuntun, ẹ fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà nínú omi mọ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òórùn ọparun ni ẹ máa jẹ. Ẹni tí kò bá rí i rà lè lo ajere tàbí asẹ́ onírin tó jìn, kí ó tẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rin sínú rẹ̀. Èmi kì í lo ìkòkò oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì, bó ti wù kí ẹni tó tà á yìn ín tó.

Rírẹ ìrẹsì

Ẹ ṣan ìrẹsì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi tútù lé e títí omi náà yóò fi borí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ilé ní Laos nìyẹn: wọ́n á rẹ ẹ́ kí wọ́n tó lọ sùn, wọ́n á sì gbé e kaná ní ìdájí. Kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, wọ́n á ní iná yóò tún un ṣe. Iná kò lè tún un ṣe. Lẹ́yìn rírẹ, ìrẹsì yìí kò tún ní wọ inú omi mọ́. Gbogbo omi tí hóró kọ̀ọ̀kan nílò kí ó tó lè rọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti mu kí ó tó dé orí iná. Èyí tí kò bá mu omi tó yóò rọ̀ lẹ́yìn, yóò sì le nínú, bí ẹ tilẹ̀ se é láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà mọ̀ pé ó ti rẹ rọrùn. Ẹ mú hóró kan, kí ẹ fi èékánná méjì tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rún wómúwómú láìsí ibi líle kankan láàárín, ó ti tó. Bí ó bá ṣẹ́ sí méjì pẹ̀lú ìró kékeré, ẹ dá a padà sínú omi. Ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè máa ń tètè rẹ, èyí tó ti pẹ́ nínú àpò sì máa ń pẹ́ kó tó rẹ, nítorí náà èékánná ni kí ẹ gbà gbọ́ ju aago lọ. Bí àlejò bá dé lójijì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí méjì lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo omi tó ń hó, torí pé yóò se ẹ̀yìn hóró náà, inú rẹ̀ yóò sì wà ní tútù.

Sísè

Ibi tó le jù lọ nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Khao niao kì í ṣe ohun tí a ń da sínú omi kí a sì máa rò ó. Ooru omi nìkan ni a fi ń se é. Ẹni tó bá bọ̀ ọ́ nínú omi yóò rí i tí ó di mọ́ ìdí ìkòkò, tí òkè rẹ̀ sì ń fà, kò sì sí àtúnṣe fún irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ bu omi sínú ìkòkò, kí ó má ju bíi ìka mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbé agbọ̀n lé e kí ẹ tó tan iná láti wò ó bóyá ìdí rẹ̀ kan omi. Omi kò gbọ́dọ̀ kan ìdí agbọ̀n rárá, títí kan ìgbà tí ó bá ń hó tí ó ń ta sókè. Àṣìṣe yìí ni mo máa ń rí jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ oúnjẹ yìí: wọ́n á bu omi púpọ̀ kí ó má baà gbẹ, omi náà á sì máa tọ́ ìdí ìrẹsì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìsàlẹ̀ á fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tí òkè rẹ̀ á sì wà bí ó ṣe wà. Ó sàn kí ẹ bu omi díẹ̀, kí ẹ gbé omi gbígbóná mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ iná tí ẹ lè fi kún un.

Kí omi tó hó, ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ìrẹsì nù, ẹ tún un ṣan títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó ro dáadáa, kí ẹ sì rin agbọ̀n náà lómi kí ìrẹsì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ooru bá ti ń rú jáde dáadáa ni kí ẹ tó gbé agbọ̀n lé e. Ẹ wá wo àyè tó wà láàárín agbọ̀n àti ẹnu ìkòkò: bí ooru bá ń sá gba ibẹ̀ lọ, kò gba inú ìrẹsì. Èmi máa ń fún aṣọ kékeré kan lómi, máa sì fi dí àyè náà yípo, mi ò kì í se é láìdí i. Ẹ fi ìdérí tàbí aṣọ tó rin bo orí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìsàlẹ̀ yóò ti jinná, òkè yóò sì kù díẹ̀. Èyí ni àkókò tí a máa ń yí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á gbá etí agbọ̀n mú, wọ́n á fi ọrùn ọwọ́ jù ú sókè díẹ̀, gbogbo ìrẹsì náà á sì dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà lókè á bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ìrẹsì tó rẹ dáadáa á ti di odindi kan, kò ní fọ́n ká. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù lè fi ìpọnse tó rin yí i láti etí, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe rò ó láàárín, torí pé bí hóró bá fọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa fà. Ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí i, kí ẹ tọ́ ọ wò. Hóró rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kí ó máa dán, kí ó sì ṣeé fà ya láìmọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ má tíì gbé e sínú abọ́. Ẹ dà á sórí pátákó mímọ́ tó rin díẹ̀, kí ẹ fi ìpọnse tẹ́ ẹ, kí ẹ ká a mọ́ra, kí ẹ tún tẹ́ ẹ, fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ooru inú rẹ̀ lè jáde. Bí a bá dé ooru yẹn mọ́ ọn, á di omi, ìrẹsì tí a ti ṣe láṣeyọrí á sì rọ̀ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó o sínú tip khao, agbọ̀n ọparun kékeré onídèérí tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ìrẹsì gbẹ. Bí kò bá sí i, aṣọ mímọ́ nínú abọ́ oníke náà á ṣe é.

Laap àti bí a ṣe ń jẹ ẹ́

Èyí kò le. Wọ́n máa ń se laap fún àlejò, fún ìgbéyàwó àti fún ọdún tuntun wọn ní àárín oṣù kẹrin. Ẹ kọ́kọ́ yan ìkúnwọ́ khao niao gbígbẹ lórí iná díẹ̀ láìda òróró sí i, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi pọ́n tí yóò sì máa ta sánsán, kí ẹ gún un nínú odó, kí ó má kúná jù. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ìdajì kílò ẹran adìẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹ fi omi díẹ̀ sè é nínú páànù títí yóò fi jinná, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ nìkan ni kí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ kó ata, alùbọ́sà, alùbọ́sà eléwé àti ewé míǹtì púpọ̀ sí i. Bí ẹran bá gbóná jù, ewé míǹtì á dúdú. Ṣíbí ìjẹun méjì ìrẹsì yíyan yẹn ni a máa ń fi parí rẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti jókòó, nítorí pé kì í pẹ́ tí ó fi ń fa omi ọbẹ̀ gbẹ.

Padaek ló ń fún laap ní adùn: ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ àti eérí ìrẹsì pò sínú ìkòkò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí òórùn irú kò lé sá nínú ilé ìdáná kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Mo máa ń hó omi rẹ̀ kí n tó lò ó. Bí kò bá sí i, omi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò lè rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n máa ń jẹ laap mìíràn ní tútù láìsè é, wọ́n sì máa ń fi ẹja odò tí wọn kò sè ṣe oúnjẹ tó jọ ọ́, koi pa. Arìnrìn-àjò kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Aràn kan tó ń jẹ́ Opisthorchis viverrini ń gbé inú àwọn ẹja omi agbègbè odò Mekong, inú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló máa ń lọ gbé, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pa á, ata kì í pa á, ọtí kì í sì í pa á.

Láti jẹun, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ bu ìrẹsì díẹ̀ sí ọwọ́, kí ẹ fi ìka mú òkèlè kékeré níbẹ̀, kí ẹ rún un kí ó ṣù, kí ẹ sì fi kó laap tàbí kí ẹ fi kan jaew bong, ata gígún ti Luang Prabang tí awọ ẹfọ̀n máa ń wà nínú rẹ̀. Ṣíbí wà fún ọbẹ̀ olómi, igi ìjẹun wà fún núdù. Ẹ má ṣe fi wọ́n jẹ khao niao. Bí ẹ bá ń ra tam mak hoong, ìbẹ́pẹ dúdú tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ata àti padaek, tí ẹ kò sì fẹ́ ata, ẹ sọ pé “bo phet” kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ dé tip khao padà, torí wọ́n gbà pé kò dára kí a fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ní ti ohun mímu, Beerlao, bíà ilẹ̀ Laos, ni wọ́n máa ń mu pẹ̀lú yìnyín, ó sì bá ata mu. Kọfí Bolaven, láti òkè tó wà ní gúúsù, dára fún òwúrọ̀. Lao-lao, ọtí líle tí wọ́n ń fi khao niao ṣe, ń fẹ́ àkíyèsí: ẹ mu ún lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ rí bí ó ṣe ń pọn ọ́n tàbí láti inú ìgò tí a dí, ẹ má sì gba èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ọtí, nítorí ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, arìnrìn-àjò mẹ́fà láti ilẹ̀ òkèèrè kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí ní Vang Vieng tí a fura pé methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀.

Ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì á ti le. Ẹ fi ọwọ́ tó rin tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kí ẹ yan án lórí ẹ̀yinná èédú títí ojú rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ rì í sínú ẹyin tí ẹ ti lù, kí ẹ sì dá a padà sórí ẹ̀yinná náà títí ẹyin yóò fi jinná.