Ẹ Kó Àga Kúrò ní Pálọ̀ Kí Ẹ Tó Ta Ilé ní Amẹ́ríkà

Àga mọ́kànlá ló wà ní pálọ̀ wa nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ilé wa sọ́jà ní Texas. Iye náà dá mi lójú, torí èmi náà ni mo padà kó méje jáde nínú wọn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Bí ẹgbẹ́ bá ń ṣèpàdé nílé ẹni, tàbí tí àwọn ará ìjọ bá yà, kò yẹ kí àlejò wà ní ìdúró. Kò sí ohun tó burú nínú àga wa. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ra ilé kò mọ ẹgbẹ́ wa, kò sì mọ ìjọ wa. Pálọ̀ tí èèyàn ò ti lè na ẹsẹ̀ ni òun rí ní tirẹ̀.

Oṣù kan àtààbọ̀ ni ilé náà fi wà lọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò ná an. Ẹni tí kò tíì ta ilé rí níbí lè rò pé ìyẹn kò pọ̀. Ó pọ̀. Bí éjẹ́ǹtì yín bá ti gbé ilé sínú MLS, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí àwọn éjẹ́ǹtì agbègbè kan jọ ń lò, ibẹ̀ ló ti máa bọ́ sórí Zillow, Realtor.com àti àwọn ìkànnì bíi tiwọn tí àwọn èèyàn ti ń wá ilé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kà á. Ẹni tó ń wá ilé lè rí iye ọjọ́ tó ti lò lọ́jà, bí ẹ bá sì gé owó rẹ̀, ìyẹn náà á hàn. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni ẹni tó ń wò ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló ṣe ilé yìí gan-an tí kò fi tíì tà?" Ilé tí kò lábùkù á wá di ilé tí wọ́n ń fura sí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀yin lẹ ṣì ń san owó báńkì, owó orí ilé, owó íńṣọ́ránsì, iná àti omi. Bí ẹ bá ti ra òmíràn sílẹ̀, a jẹ́ pé ilé méjì lẹ ń bọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ staging ti wọlé nìyẹn. Staging ni kéèyàn to ilé tó fẹ́ tà lọ́nà tí ẹni tó bá wọlé á fi lè máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀ bí onílé. Ẹ má pè é ní ọ̀ṣọ́ ilé o. Ọ̀ṣọ́ ilé, tara ẹni là ń ṣe é fún. Staging, ẹni tí a kò tíì mọ̀ là ń ṣe é fún. Barb Schwarz, obìnrin kan tó ń ta ilé ní ìpínlẹ̀ Washington, ni wọ́n kà sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1972. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn Amẹ́ríkà kò gbọ́ òwe náà rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di òwò.

Ní 2023, National Association of Realtors, ẹgbẹ́ àwọn éjẹ́ǹtì, fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn lẹ́nu wò. Nínú ọgọ́rùn-ún éjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn ra ilé, 81 ló sọ pé staging máa ń jẹ́ kó rọrùn fún oníbàárà wọn láti fojú inú rí ilé náà bíi tara wọn. Wọ́n ní pálọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, yàrá onílé tẹ̀ lé e, kíṣìnì ló tún kàn. Kí ẹ má gbàgbé pé éjẹ́ǹtì ni wọ́n bi, pé ìdí ilé títà sì ni wọ́n ti ń jẹun. Bó ti wù kó rí, ètò yẹn bá ohun tí ojú èmi náà rí mu: ẹ fi owó àti agbára yín sí pálọ̀, kí ẹ gbàgbé yàrá àlejò.

Orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí ilé. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, tó ń fi àtàǹpàkò yí fọ́tò kọjá lọ, kò ní fún ilé yín ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ayàwòrán ń bọ̀ ni ọjọ́ ìdánwò. Tí ilé kò bá tíì ṣe tán lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ fún éjẹ́ǹtì pé kó sún un síwájú. Ẹ má jẹ́ kó fi fọ́tò tí kò dára síbẹ̀ pé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n yà lẹ́nu ọ̀nà wa, ohun tó hàn jù ni bàtà: sálúbàtà, bàtà ilé ìwé, bàtà bọ́ọ̀lù tó ṣì ní ẹrẹ̀ lára.

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kì í ná èèyàn lówó. Ẹ kó ẹrù kúrò. Ìdajì ohun tó wà lórí káńtà kíṣìnì, ẹ gbé e pamọ́. Bílẹ́ńdà, ìkòkò, ike ìpa-nǹkan-mọ́, gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí náà kò gbẹ́yìn, torí àwọn tó wá wo ilé yóò ṣí i, ẹ má fojú ìwọ̀sí wò ó. Tí aṣọ bá kún un dẹ́nu, ohun tó ń sọ fún wọn ni pé ilé yìí kò gba ẹrù. Ẹ lè háyà ibi ìkẹ́rùsí fún oṣù méjì, tàbí kẹ́ ẹ kó o sí gárèèjì kí ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan. Wọ́n máa ń dárí jì gárèèjì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo gílóòbù kí àwọ̀ iná wọn lè bára mu. Tiwa, funfun gbòò níbí, pupa rẹ́súrẹ́sú lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ la ti ń gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà tí a kò fura. Ẹ ká kọ́tìnnì sókè. Bí ooru Texas bá mú, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹni tí òógùn ń bò kò ní pẹ́ nínú ilé.

Ọ̀dà náà dára, kí ó jẹ́ àwọ̀ tí kò ní pariwo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ́ ilé náà ṣáájú 1978, ẹ má kàn fi yanrìn pépà ha ògiri fúnra yín. Òjé, tí òyìnbó ń pè ní lead, lè wà nínú ọ̀dà ìgbà náà, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kí ẹni tó ń ta irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó bá mọ̀ nípa òjé náà fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ òórùn ṣòroó sọ láàárín ara wa, àmọ́ mo máa sọ ọ́. Imú onílé kì í gbọ́ òórùn ilé rẹ̀. Ẹ pe ẹnì kan tí kò ní tijú yín, kó wọlé, kó sọ òótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń wá wo ilé, ẹ yé dín nǹkan nínú ilé, ẹ fọ kọ́tìnnì, torí aṣọ ni òórùn ń lẹ̀ mọ́. Ẹ má sì fi àbẹ́là olóòórùn dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn fàníllà tó ń ta sánsán láti ẹnu ọ̀nà, ohun tí wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀ ni yóò máa wá kiri.

Wọ́n á tún ní kí ẹ jáde nílé nígbà tí àwọn tó fẹ́ wo ilé bá ń bọ̀. Èyí ya èmi lẹ́nu. Mo ti gbé omi àti bísíkíìtì sórí tábìlì fún àwọn àlejò, àfi bí éjẹ́ǹtì wa ṣe rọra ṣàlàyé pé tí onílé bá jókòó síbẹ̀, wọn kò ní lè sọ̀rọ̀ fàlàlà, wọn kò ní ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, éjẹ́ǹtì tó mú wọn wá ni yóò ṣí i. Nítorí náà, ẹ kó pásípọ́ọ̀tù, káàdì green card, wúrà àti oògùn yín kúrò nílé, kí ẹ má ṣe rò pé abẹ́ ìrọ̀rí tó.

Wọ́n á ní kí ẹ yọ fọ́tò ìdílé àti ohun ẹ̀sìn kúrò lára ògiri. Bàbá àwọn ọmọ mi fárígá. Ó ní, "Ṣé a ti kú ni tí wọ́n fi ń yọ fọ́tò ìgbéyàwó wa?" Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé ojú ẹni tó wá wo ilé máa ń lọ sórí fọ́tò dípò ilé, àlàyé náà sì mọ́gbọ́n dání. Bí òyìnbó bá ń ta ilé, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un. Àmọ́ fún àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìsàlẹ̀. Ní 2020, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú kan ní Marin City, ní California, fẹ́ tún ètò owó tí wọ́n yá lórí ilé wọn ṣe. Ẹni tó wá díye lé ilé náà ní 995,000 dọ́là ni. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú ẹlòmíràn wá. Kó tó dé, wọ́n ti yọ fọ́tò ara wọn àti iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà kúrò, wọ́n sì bẹ ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ òyìnbó pé kó ṣe bí onílé. Iye tó jáde lọ́tẹ̀ yìí lé ní 1,480,000 dọ́là. Wọ́n pẹjọ́, wọ́n sì fi ìlàjà parí rẹ̀ ní 2023.

Báńkì ẹni tó ń ra ilé yín náà yóò rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá. Appraiser ni wọ́n ń pè é. Bí iye tó bá fi lé e bá kéré sí iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ọjà lè dàrú. Òfin Fair Housing Act ti 1968 kò gbà kí wọ́n fi àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá rẹ́ ẹ jẹ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tó bá fura lè fẹjọ́ sùn ní HUD, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, láàárín ọdún kan. Àwa yọ fọ́tò náà. Mi ò ní purọ́ pé kò dùn mí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jìyà. Ohunkóhun tí ẹ bá ti kàn mọ́ ilé, yálà iná aláràbarà tó rọ̀ sí òkè tábìlì ìjẹun tàbí irin tí ẹ fi gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ara ògiri, wọ́n sábà máa ń kà á mọ́ ilé, ẹni tó rà á ló ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ tú u kí ayàwòrán tó dé, kí ẹ fi òmíràn tí kò wọ́n dípò rẹ̀. Ohun tí wọn kò rí, wọn kò ní bèèrè.

Ṣé dandan ni kí ẹ gba ẹni tó ń ṣe staging? Rárá o. Bí ẹ bá ṣì ń gbé inú ilé náà, ẹ san owó wákàtí kan tàbí méjì fún un, kó rìn yíká, kó kọ ohun tí ẹ máa ṣe sílẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe é. Ìyẹn la ṣe. Ilé tó ṣófo ni mo gbà pé ó tó náwó lé, torí yàrá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ máa ń kéré lójú, èèyàn kì í sì mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì á gbà. Wọ́n á kó àga àti tábìlì wá, ẹ̀yin á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè iye oṣù tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ san, ẹni tó máa gbé owó ìkẹ́rù, àti ẹni tó máa dáhùn tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ bi éjẹ́ǹtì yín náà. Àwọn mìíràn máa ń san lára rẹ̀ látinú owó iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n tún máa ń fi kọ̀ǹpútà ya àga sínú fọ́tò ilé tó ṣófo. Ó dínwó púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kí wọ́n má sì fi pa ògiri tó ti là rẹ́. Ọkàn ẹni tó rí àga lórí fóònù, tó wá bá yàrá òfìfo, kì í dùn.

Ohun tí staging kò lè ṣe ni kó ta ilé tí owó rẹ̀ ti ga jù. Nígbà tí a gbé tiwa padà sọ́jà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò tó fi tà, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé a ti gé díẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀. Mi ò lè sọ èyí tó ṣe é nínú méjèèjì. Staging kò sì lè bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ní Texas, ìwé kan wà tí ẹni tó ń ta ilé gbọ́dọ̀ kọ ohun tó mọ̀ sí, ìbáà jẹ́ òrùlé tó ń jò tàbí ìpìlẹ̀ tó ń rì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù náà ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé ibi tí omi ti ń ru sókè, tó sì dákẹ́, ilé ẹjọ́ ló ń pè.

Tó bá wá kan ẹ̀yin láti ra ilé, gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹ yí i padà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ gbé téèpù ìwọnlẹ̀ dání, kí ẹ wọn yàrá, torí wọ́n máa ń wá àga kéékèèké kí ibẹ̀ lè dà bí èyí tó fẹ̀. Níbi open house kan tí a lọ, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé tí wọ́n ń tà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, yàrá kẹta wù wá gan-an, ó gba bẹ́ẹ̀dì ńlá kan, ó tún ṣẹ́ ku àyè. Ọmọ mi obìnrin rọra fìdí lé bẹ́ẹ̀dì náà. Ó rì wọlé ṣìì. Bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ ni, páálí ni wọ́n sì tò sábẹ́ rẹ̀.