Ọ̀rá Nìkan Kò Lè Gba Férémù Là: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Dídi Férémù Kẹ̀kẹ́ Ránṣẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, férémù kan, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ láìsí wíìlì, tún dé ọwọ́ mi. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti fi ọ̀rá alátẹ́gùn wé e láti orí dé ìdí, débi pé ó pẹ́ kí n tó fi ọ̀bẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó hàn pé ó fẹ́ràn férémù náà, kò sì sí ibi kankan tó họ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti fún pọ̀ bí ẹnu ẹ̀mú, wíìlì kò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Owó ẹni tó tà á gbé, nítorí ó ní láti dá a padà. Ẹni tó rà á dúró lásán. Èmi tí wọ́n ní kí n bá wọn tò ó, mo jókòó tì í, inú ń bí mi.

Irú rẹ̀ tí mo ti rí kò lóǹkà mọ́. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń tú kẹ̀kẹ́. Mo gbà pé ẹni tó fẹ́ fi férémù ránṣẹ́ ti mọ ìyẹn. Àwọn ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe, tí ẹ ṣì ń ṣe, ni mo fẹ́ kà.

1. Lílẹ téèpù mọ́ ọ̀dà. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ká lẹ́tà ara férémù kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi fóòmù tàbí aṣọ wé e, kí téèpù tó kàn án.

2. Fífi crank, ìyẹn apá tí pẹ́dàálì wà lórí rẹ̀ àti wíìlì eléyín rẹ̀, sílẹ̀ lára férémù. Eyín rẹ̀ yóò gún páálí jáde. Ẹ tú u.

3. Fífi ẹnu ẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo. Èyí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ẹnu ẹ̀yìn ni mo ń pe ibi méjì tí ọ̀pá àárín wíìlì ẹ̀yìn máa ń wọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nígbà tí wíìlì bá wà níbẹ̀, òun ló ń ti àwọn ẹsẹ̀ férémù síta tí wọn kò fi lè sún mọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ wíìlì, ẹ ti yọ òpó ilé. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló kù, kò sì sí nǹkan kan láàárín wọn.

Àwọn èèyàn rò pé páálí náà yóò wà ní òró bí wọ́n ṣe gbé e lé akẹ́rù lọ́wọ́. Páálí férémù kì í dúró. Ó fẹ̀, ó sì tín-ínrín. Tó bá ti wọnú ọkọ̀, wọ́n á dà á dùbúlẹ̀, wọ́n á to páálí mìíràn lé e lórí. Ẹrù yẹn ni yóò máa tẹ ẹsẹ̀ férémù mọ́ ara wọn láti ibi tó ti gbéra títí dé ibi tó ń lọ. Ọ̀rá alátẹ́gùn ń gba férémù lọ́wọ́ ìhọra, kò lè gbà á lọ́wọ́ ìtẹ̀. Ohun líle tó dúró láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Férémù onírin ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láyé mi. Ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 130, bíi ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje tó ń lo bíréèkì orí táyà. Mo wé e dáadáa, mo sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí n kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé, ẹni tó gbà á wọ̀n ọ́n, ó bá 117. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì mí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé irin ni: ẹni tó mọṣẹ́ lè fa irin padà sí ipò rẹ̀, a sì fà á. Alumíníọ́mù kì í gba irú ìfàpadà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, yóò sán. Ti kábọ́ọ̀nù ló burú jù, nítorí ó lè sán lábẹ́ ọ̀dà kí ojú má rí i. Mo ti gba ọ̀kan rí tó ń dán gbinrin. Nígbà tí mo fi owó ẹyọ lu gbogbo ara rẹ̀, ó ń dún ko, ko, ko, àfi ibi kan lẹ́bàá ẹnu ẹ̀yìn tí ohùn rẹ̀ kú. Ẹnikẹ́ni kò gun férémù náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ohun tí ì bá gbà á là kò ná èèyàn ní nǹkan kan. Bí kẹ̀kẹ́ tuntun bá ti ilé-iṣẹ́ dé, ike kékeré kan sábà máa ń wà lẹ́nu fọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó ń di wíìlì iwájú mú. Bó bá jẹ́ férémù nìkan ló dé, ike náà máa ń wà lẹ́nu ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ ń dà á nù ni. Ẹ lọ tọrọ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gé igi tàbí páìpù oníke sí ìwọ̀n ẹnu náà, ẹ ti bóòtù gígùn gba inú rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é lápá méjèèjì. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú bù ú: ó lè jẹ́ 130, ó lè jẹ́ 135, 142 tàbí 148, ìyàtọ̀ sì wà láàárín wọn. Ẹ̀yin tí férémù yín jẹ́ ti thru-axle, ìyẹn ọ̀pá wíìlì tí a máa ń yọ, tó ń gba ẹnu méjèèjì kọjá, ẹ má rò pé kí ẹ dá ọ̀pá yẹn padà síbẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá fún un le tí nǹkan kan kò sí láàárín, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa ẹnu méjèèjì mọ́ra. Páìpù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnu fọ́ọ̀kì náà; 100 ni ìwọ̀n tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

4. Fífi fọ́ọ̀kì sílẹ̀ nínú férémù kí ọrùn rẹ̀ máa yọ lókè. Bí páálí bá jábọ́ lórí, ọrùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, bíárìn orí férémù, èyí tí fọ́ọ̀kì fi ń yí, ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ yọ fọ́ọ̀kì, ẹ fi fóòmù wé e, ẹ so ó mọ́ inú igun mẹ́ta iwájú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ya fọ́tò bí bíárìn àti òrùka rẹ̀ ṣe tò tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi okùn sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ní bí wọ́n ṣe tò. Ẹni tí yóò gbà á kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń tú u.

Ti derailleur ẹ̀yìn, ohun tó ń sún ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn, ńkọ́? Ẹ yọ òun àti hanger rẹ̀, ègé kékeré tó so ó mọ́ férémù, pọ̀. Alumíníọ́mù rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe hanger, kí ó lè tẹ̀ kí férémù má baà tẹ̀, nítorí náà ìkọlù díẹ̀ ti tó fún un. Bóòtù kékeré kan tàbí méjì ló dè é.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ páálí. Àwọn kan máa ń gba páálí kẹ̀kẹ́ odindi, wọ́n á ju férémù kan ṣoṣo sínú rẹ̀, wọ́n á fi bébà kún un. Ọ̀pọ̀ akẹ́rù òfuurufú kì í wo ìwúwo nìkan, wọ́n ń wo àyè tí ẹrù gbà. Wọ́n á sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, wọ́n á fi 5,000 pín in. Ohun tó bá jáde ni kílò tí wọn yóò gba owó rẹ̀, bó bá ju ìwúwo gidi lọ. Páálí 130 ní 75 ní 20 jẹ́ kílò 39. Ẹ gé e kù sí 100 ní 60 ní 20, ó di kílò 24. Férémù inú rẹ̀ lè má ju kílò 2 lọ. Ẹni tí kò gé páálí ń sanwó afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá gé e tán, ẹ tún fi páálí mìíràn lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń já.

Bóòtù, òrùka àti ọ̀pá wíìlì tí ẹ kàn dà sínú páálí láìdè yóò máa lu férémù ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ kó wọn sínú àpò kan, ẹ so àpò náà mọ́ férémù. Férémù fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rìn: fóòmù tí wọ́n fi ń wé páìpù omi ló dára jù fún ara rẹ̀, kí ẹ sì fi okùn ike dè é mọ́ páálí lójú mẹ́ta ó kéré tán. Bí ẹ bá lẹ páálí pa, ẹ gbé e sókè, ẹ mì í. Bí ohunkóhun bá dún, ẹ tú u, ẹ tún un dì.

Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná: ẹ má fi pamọ́ sínú ẹrù yìí láéláé, ẹrù eléwu ni wọ́n kà á sí.

Kí ẹ tó bo páálí, ẹ ya fọ́tò férémù lápá gbogbo, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tó sábà máa ń wà ní abẹ́ ibi tí crank ń gbà kọjá. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí yóò gbà á sórí bébà, ẹ fi kan sínú páálí, nítorí èyí tó wà níta lè ya. Ẹ sọ iye tí férémù náà tó gan-an fún akẹ́rù. Ẹni tó bu iye rẹ̀ kù kí owó ọkọ̀ lè dínkù kò ní rí ju iye tó kọ gbà bí ó bá bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbà á náà, bí páálí bá ti ya tàbí ó jin wọnú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ìta kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, kí ẹ sì wọn ẹnu ẹ̀yìn kí ẹ tó sọ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé ó dé láyọ̀.