Bí A Ṣe Ń Sọ Igi Di Bírò Lórí Ẹ̀rọ Lathe

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí sábà máa ń rò pé orí ẹ̀rọ lathe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè fá a, ni gbogbo iṣẹ́ wà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bírò tó bá fọ́ lórí ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ihò rẹ̀ tàbí gúlù rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ díẹ̀ lórí ìpalẹ̀mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò bírò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní slimline. Ọ̀pá idẹ kékeré méjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu bírò, òrùka àárín, ìkọ́ tí a fi ń kọ́ ọ sápò, ọ̀pá tàdáwà, àti ohun tí a ń yí kí ẹnu tàdáwà lè jáde. Irin dírílì mìlímítà 7 ló bá ọ̀pá idẹ náà mu. Kí igi yín gbẹ dáadáa, kí ó nípọn tó mìlímítà 19, kí ó sì gùn tó íǹṣì 5. Igi líle ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́, nítorí igi rírọ̀ tètè máa ń ya.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ilà kan gba ẹ̀gbẹ́ igi náà látòkè délẹ̀ kí ẹ tó gé e sí méjì. Ilà yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ bí apá méjèèjì ṣe kọjú síra, kí ọnà ara igi má baà já láàárín. Kí apá kọ̀ọ̀kan fi mìlímítà méjì gùn ju ọ̀pá idẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ fi fáìsì di igi náà mú ṣinṣin, kí ẹ máa lu ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fa irin dírílì jáde léraléra kí èérún igi lè dà nù. Tí èérún bá há sínú ihò, ooru á mú igi, igi á sì là. Nígbà tí ihò bá fẹ́ yọ sí òdìkejì, ẹ dẹ ọwọ́, torí ibẹ̀ ni ìdí igi ti ń fọ́ jù.

Ọ̀pá idẹ tó ń dán kì í gba gúlù dáadáa. Ẹ fi sáńpépà ha ara rẹ̀ kó má baà dán mọ́. Súpà gúlù lè gbá ọ̀pá mú kó tó wọlé tán, ẹ ò sì ní lè fà á mọ́. Nítorí náà, epoxy, ìyẹn gúlù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀, ni mo fẹ́ràn fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó ń fúnni láàyè. Ẹ máa yí ọ̀pá náà bí ẹ ṣe ń tì í wọlé, kí gúlù lè kárí, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà, ẹ fá orí àti ìdí igi títí idẹ yóò fi yọjú. Bó bá ti yọ, ẹ dúró. Tí ẹ bá fá idẹ fúnra rẹ̀ kúrú, ẹnu tàdáwà kò ní wọlé dáadáa mọ́.

Ó wá kan ẹ̀rọ. Ẹ bo ojú àti imú yín, ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́: ẹ̀rọ lè fà á, kó fa ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹ ki apá igi méjèèjì bọ ọ̀pá irin ẹ̀rọ, kí òrùka irin tó ń fi ìwọ̀n hàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dè é. Tó bá le jù, ọ̀pá irin á tẹ̀, igi kò sì ní yí róbótó.

Ẹ fi ọwọ́ yí igi wò lẹ́ẹ̀kan kó má baà kan ìgbérin, ìyẹn irin tí a máa ń gbé irin ìfági lé, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Irin ìfági gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara lé ìgbérin kó tó kan igi. Ẹni tó bá ṣe òdìkejì, irin á ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ máa fá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi ku díẹ̀ kó bá òrùka dọ́gba. Sáńpépà ni yóò mú ìyókù.

Ẹ yọ ìgbérin kúrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sáńpépà nọ́ńbà 150, ẹ bọ́ sí 240, 320, 400, títí dé 600. Ẹ má fo ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi sáńpépà kan náà ha igi gba òòró rẹ̀, kí àwọn ilà róbóróbó lè parẹ́. Ẹni tí kò bá ní sùúrù níhìn-ín, ìdán, ìyẹn ohun tí a fi ń mú igi dán, tó bá fi sí i ló máa tú àṣírí ilà náà.

Ìda ni ìdán tó rọrùn jù, àmọ́ òógùn ọwọ́ máa ń jẹ ẹ́ tán. Èyí tó ń pẹ́ ni súpà gúlù tó ṣàn, tí a fi pépà ìnujú pa sí i lára nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fi aṣọ ṣe é, nítorí aṣọ kì í ya bí ẹ̀rọ bá gbá a mú. Ẹ ṣí fèrèsé, èéfín gúlù yìí ń ta ojú.

Ó ku títò. Ẹ fi fáìsì tí a fi igi bo ẹnu rẹ̀ tẹ ẹnu bírò wọ apá ìsàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ ohun tí a ń yí náà wọ òdìkejì apá yẹn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ ki ọ̀pá tàdáwà sí i, ẹ yí i, ẹ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ yọ tó. Bí kò bá tíì yọ tó, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Èyí tó bá wọlé jù, kò rọrùn láti fà padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìkọ́ mọ́ apá òkè, ẹ fi òrùka sáàárín, kí ẹ sì so apá méjèèjì pọ̀ kí ọnà ara igi wọn kojú síra.