Lẹ́sìn Họ́lidé fún Àwọn Ọmọbìnrin l'Abẹ́òkúta: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É

Kí ẹ tó wá yàrá, kí ẹ tó ra ṣọ́ọ̀kì, ẹ lọ bá àwọn ìyá nísọ̀ ní Ìtòkú, ọjà àwọn aládìrẹ. Ọmọbìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ yìí ló ń ká aṣọ, òun ló ń sáré wá ṣéńjì, òun ló ń pọn àbúrò. Tẹ́ ẹ bá dá aago méjì ọ̀sán, ìyá rẹ̀ á ní "ó ń bọ̀", ẹ ò sì ní rí i. Àárọ̀ ni mo máa ń lọ, kí ọjà tó gbóná. "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Màá ra nǹkan díẹ̀ ná, kí n tó bèèrè pé, "Ìyá wa, aago mélòó lẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa?" Aago tí ìyá bá fẹnu ara rẹ̀ dá kì í ṣòro fún un láti pa mọ́.

Ẹ gba owó díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó mú aṣọ funfun wá.

Adìrẹ ni mo fi ń kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko so, kẹ́ ẹ bọ́ sórí alábẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán. Ẹlẹ́kọ ló ń gbẹ̀yìn, torí fífi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ ń fẹ́ sùúrù.

Àgbàlagbà nìkan ni kó po aró. Kọ́ọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń po aró là ń dà sínú omi. Ẹ má da omi lé e lórí láé, ó lè hó kó ta síni lójú. Ike ni kẹ́ ẹ lò, torí kọ́ọ́sítíìkì máa ń jẹ abọ́ alumíníọ̀mù. Olúkúlùkù ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà tirẹ̀.

Tí aṣọ bá jáde nínú aró ẹlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Kó tó pẹ́, búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí aṣọ, á sì tàn ká. Ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo, kí wọ́n bèèrè ohun tó fà á, kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì kì í sùn níbí.

Bàbá kan lè ní kí lobìnrin fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe. Ẹ rán an létí pé ní 1914 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wọ Abẹ́òkúta Grammar School, òun sì lọmọbìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà níwèé. Òun àtàwọn obìnrin ọjà Ẹ̀gbá ló jọ gbógun ti owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké fi gbé adé sílẹ̀ fúngbà kan ní 1949. Bàbá tó bá jẹ́ Ẹ̀gbá tòótọ́ á rẹ́rìn-ín.

Obìnrin méjì ni kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí gbogbo wọn sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó wá ku owó aṣọ tí wọ́n bá tà. Ìdajì ni kẹ́ ẹ fi ra aṣọ mìíràn, kẹ́ ẹ fi ìdajì yòókù lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ sọ èyí fún ìyá rẹ̀ kí aṣọ tó wọ aró, torí tówó bá ti dé kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ìjà ni.