Oníbàárà kì í fèsì ímeèlì mi: ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi nìyí

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń retí èsì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Peckham, ní London, tó fẹ́ ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi l'Ábẹ́òkúta. Mo tún ímeèlì náà fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ URGENT gàdàgbà sí àkọlé. Pàbó ló já sí.

Ìgbà tí mo kà á sókè fún ara mi ni ojú tì mí. Ìlà mẹ́fà ni mo fi kí wọn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, kí n tó dé orí owó! Mo tún so àwòrán mọ́kànlá mọ́ ọn.

Mo tún un kọ. Àkọlé: “Àdìrẹ 40 yáàdì: mo ń retí èsì yín kó tó di Jímọ̀”. Ìkíni, ìlà kan. Iye owó ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìbéèrè ẹyọ kan ṣoṣo: “Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ́ láró?” Mo kó àwòrán sí Google Drive, mo fi línkì rẹ̀ sísàlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fèsì: “Ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Ti àgbàlagbà lè yàtọ̀ o. Ìlà méjì lèmi ṣì fi ń kí wọn.