Bí A Ṣe Ń Jiyàn Lórí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Fi Góòlù Kan Ṣoṣo Borí

Góòlù kan sí òdo. Rẹfirí ti fọn fèrè ìkẹyìn, àmì mẹ́ta ti wọ àpò, síbẹ̀ inú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ikọ̀ náà kò dùn dénú. Ọ̀kan ní ojo ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òmíràn ní kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, ṣebí ó borí. Ẹlòmíràn ti ń ka orúkọ àwọn tó yẹ kó gbapò rẹ̀. Èmi fẹ́ràn àríyànjiyàn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá nà wá ní mẹ́rin sí òdo, ìbínú ni yóò máa sọ̀rọ̀. Bí àwa náà bá na ẹlòmíràn ní márùn-ún, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohunkóhun. Ọjọ́ tí góòlù kan bá là wá ni a máa ń rí akọ́nimọ̀ọ́gbá bó ṣe jẹ́, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká wò.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹ pín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà sí méjì, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú 45, bí kò ṣe ní ìṣẹ́jú tí góòlù wọlé. Kí góòlù tó wọlé, ikọ̀ yín ló ń wá nǹkan. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè dá akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́jọ́ lórí bó ṣe ń kọlu ẹgbẹ́ kejì. Lẹ́yìn góòlù, ẹgbẹ́ kejì ló ń wá nǹkan. Wọn yóò tú jáde, wọn yóò máa di bọ́ọ̀lù mú, wọn yóò máa rọ́ wọ iwájú ilé yín. Bí góòlù yín bá wọlé ní ìṣẹ́jú 12, tí ẹ wá ń fi iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kejì fi ní bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìṣẹ́jú 90 bú akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ ti da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ẹni tó wà lẹ́yìn, kò sọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá.

Mo máa ń ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù. Mo fa ìlà kan sí àárín ojú ewé. Apá òsì ni ti ìgbà tí góòlù kò tíì wọlé, apá ọ̀tún ni ti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ohun tí mo rántí gbọ́. Mo kàn máa ń ka ohun tó wà lápá òsì.

Ohun tí mo ń kọ síbẹ̀ kò pọ̀. Ìṣẹ́jú, ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sí ilé, àti bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbá a tàbí orí ni wọ́n fi kàn án. Iye ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí ilé nìkan kò tó. Ẹni tó fi gbogbo agbára gbá a láti ibi tó jìnnà tó mítà 30, tí àwọn ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn tó ń dáàbò bo ilé, sì tò síwájú rẹ̀, kò ṣe ohun tó ṣòro fún aṣọ́lé. Ẹ fi pẹnáritì ṣe òṣùwọ̀n: mítà 11 ni, kò sẹ́ni tó dínà, aṣọ́lé nìkan ló kù, síbẹ̀ nǹkan bíi mẹ́ta péré ló ń wọlé nínú mẹ́rin. Ǹjẹ́ ẹ wá rò ó, mélòó ni yóò wọlé nínú èyí tí wọ́n gbá láti ìta àpótí, ìyẹn agbègbè onígun mẹ́rin tó wà níwájú ilé? Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní “a gbá bọ́ọ̀lù sí ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,” ẹ bi í pé mélòó ló ti inú àpótí wá. Bí ó bá jẹ́ méjì, ìkọlù ikọ̀ náà ló nílò àtúnṣe, bó ti wù kí góòlù kan yẹn rẹwà tó.

Àmọ́ ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì akọ́nimọ̀ọ́gbá dá lẹ́jọ́ jù ni apá ọ̀tún ojú ewé. Ikọ̀ fà sẹ́yìn lẹ́yìn tí góòlù wọlé. Ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ní kí wọ́n fà sẹ́yìn, tàbí ẹgbẹ́ kejì ló tì wọ́n débẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ méjèèjì, ojú lásán sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹ bá gbé e kúrò lára bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó gba ẹ̀yìn nígbà tó wà nílé ìwé, ló kọ́ mi ní èyí. Ó ní kí n máa wo ẹni tó dúró síwájú jù nínú ikọ̀ tó fà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn, ẹnì kan á ṣì dúró sí tòsí ìlà àárín, ojú rẹ̀ á wà lára àlàfo tí ẹgbẹ́ kejì fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá já bọ́ọ̀lù gbà, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbá á mọ ibi tó ń lọ. Àlàfo tó wà láàárín àwọn ẹ̀yìn àti àwọn àárín á kéré, kò ní ṣeé wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí wọ́n bá tì wọ́n ni, atamátàsé pàápàá á ti wà nínú àpótí tirẹ̀, tó ń bá wọn lé bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé á máa fi ẹsẹ̀ sọ ọ́ sọ́nà jíjìn, á bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ kejì, á tún padà wá láìpẹ́. Ẹ ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n lé jáde padà wá kí èèyàn tó mí. Fún èmi, ìdáhùn ìbéèrè náà wà níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Apẹẹrẹ tí mo máa ń mú wá ni ìparí Ife Ẹ̀yẹ Adúláwọ̀ tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2024. José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà nígbà yẹn, fi ọ̀mì 1-1 bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà pẹ̀lú Equatorial Guinea, ó wá kó ẹ̀yìn mẹ́ta sí àárín, Troost-Ekong, Ajayi àti Bassey. Lẹ́yìn náà, Nàìjíríà borí ní 1-0, 1-0, 2-0 àti 1-0, láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan wọ ilé wọn. Ariwo pọ̀ pé kò ní ìkọlù, ṣùgbọ́n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin yẹn, mo gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni: Lookman àti Osimhen ṣì wà níwájú láti sáré. Nínú ìparí pẹ̀lú Côte d'Ivoire, Troost-Ekong kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yí padà láti ibẹ̀. A ò rí bọ́ọ̀lù gbé jáde mọ́. Kessié dá a padà fún Côte d'Ivoire ní ìṣẹ́jú 62, Haller sì pa á ní ìṣẹ́jú 81. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà, ètò kan náà, 1-0 kan náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní “ojo ni láti ìbẹ̀rẹ̀” kò tọ̀nà, ẹni tó bá sì ní kò ní ẹ̀bi kankan kò tọ̀nà pẹ̀lú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 1-0 sọ irú bọ́ọ̀lù tí ikọ̀ kan ń gbá fún yín. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010, 1-0 ni Sípéènì fi borí Portugal, Paraguay, Jámánì àti Netherlands, tẹ̀léra tẹ̀léra, kí Del Bosque, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tó gbé ife. Góòlù 8 péré ni wọ́n gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn, Gíríìsì abẹ́ Otto Rehhagel ti fi 1-0 lé France, Czech àti Portugal lọ, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀kan kò fẹ́ kí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ wọn rárá, èkejì kò bìkítà bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù fún ara yín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ti Gíríìsì tún kọ́ni ní nǹkan kan tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń fojú kéré. Orí ni wọ́n fi kan góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, méjì nínú wọn sì jẹ́ láti kọ́nà. Inú máa ń bí mi bí ẹnì kan bá ní “kọ́nà lásán ni.” Kọ́nà kì í ṣe oríire, ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti lè to gbogbo èèyàn sí ààyè wọn nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ tún un wò: ta ló dínà fún aṣọ́lé, ta ló sáré sí ẹ̀gbẹ́ òpó àkọ́kọ́ láti fa àwọn ẹ̀yìn lọ, ta ló ti ẹ̀yìn wá? Bí ìṣísẹ̀ kan náà bá hàn ní kọ́nà mẹ́ta, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, ẹ kọ ọ́ sí àǹfààní rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó wọlé lẹ́yìn. Òfin ti gba ìpààrọ̀ márùn-ún báyìí, nítorí náà àwáwí kò pọ̀ mọ́. Ẹ wo ìgbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe é, kí ẹ sì wo ipò ẹni tó jáde àti ti ẹni tó wọlé. Bí atamátàsé bá jáde tí ẹ̀yìn wọlé ní ìṣẹ́jú 60, ó ti sọ èrò rẹ̀ fún yín. Nínú ìparí 2010 yẹn, òdo sí òdo ṣì ni, Del Bosque gbé Navas wọlé ní ìṣẹ́jú 60, ó gbé Fàbregas wọlé ní ìṣẹ́jú 87, ó sì yọ Xabi Alonso tó máa ń dúró sẹ́yìn. Ní ìṣẹ́jú 116, Navas ló gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn sáré, Fàbregas ló gbá a sí Iniesta, Iniesta sọ ọ́ sáwọ̀n. Ohun tí mo ń pè ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fẹ́ borí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1-0 náà ló parí sí.

Nípa bí a ṣe ń jà á lẹ́nu, òfin kan ni mo di mú. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé ẹnì kan wọlé gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí yóò jáde, kó sì sọ ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pariwo pé atamátàsé méjì ló yẹ kó wà níwájú. Mo máa ń bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ẹ máa yọ?” Bó bá dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn àárín, mo tún bi í ta ni yóò máa já bọ́ọ̀lù gbà níwájú àwọn ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ó máa ń ní ìdáhùn tó dára, mo sì máa ń gbà fún un. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún wo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fara pa nílé kò lè wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, ẹ má fipá yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí oníkálukú kọ ohun kan tó retí pé yóò tún ṣẹlẹ̀ bí òun bá tọ̀nà, ohun tí ojú lè rí: “wọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù sí ilé láti inú àpótí kí ìṣẹ́jú 30 tó pé,” tàbí “bí a bá kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, atamátàsé máa jáde kí ìṣẹ́jú 70 tó pé.” Ẹ kọ orúkọ síwájú rẹ̀, ẹ fi ìwé náà pamọ́, kí ẹ ṣí i nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìparí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ń bọ̀.